Ògbufọ̀ Ṣítù

Hàkímù ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó la ẹnu, nítorí pé orúkọ ara rẹ̀ ló ń wá nínú rẹ̀. Kò rí i. Orúkọ Ṣítù ni wọ́n kọ sókè, orúkọ Ṣítù ni wọ́n tún kọ sísàlẹ̀. Ṣítù fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó na ọrùn bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀, torí pé kò lè ka Faransé.

"Kí ni wọ́n wí?" Ṣítù béèrè.

"Ìpàdé ni. Ìpàdé gbogbo àwọn oníṣẹ́ igi yíyí nílẹ̀ Tógò. Ní Sokodé, ọjọ́ méjì."

"Èmi ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ kí n wá ṣe níbẹ̀?"

Hàkímù tún wo ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ra àwo onídèérí kan lọ́jà Tchamba, pé àwo náà ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ láàárín àwọn, pé ẹnu ya gbogbo àwọn, àti pé kí ọ̀gá tó ṣe é jọ̀wọ́ wá fi bó ṣe ń ṣe é han àwọn. Ọ̀gá ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn kó sí Hàkímù lójú bí eruku igi.

"Wọ́n ní kí ẹ wá yí igi lójú wọn," ló wí.

Ṣítù bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá orúnkún. "Lójú gbogbo Tógò! Èmi tí n kò gbọ́ ju bọ̀ǹjúù lọ! Ìwọ lo máa bá mi lọ, Hàkímù. Ìwọ ni wàá máa bá mi gbọ́ ọ, tí wàá sì máa bá mi sọ ọ́."

Àwọn méjèèjì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà sì ni baba tó bí Hàkímù lọ́mọ. Bàbá Àlíù ló kọ́kọ́ gbé túù wọ Kambolé ìlú wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń de igi mọ́ ni túù, tí yóò máa yí i bìrìbìrì, tí oníṣẹ́ yóò wá fi irin mímú bà á títí tí yóò fi di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ odó tàbí àwo. Nígbà tí Hàkímù ń kọ́ Faransé ní ilé ìwé ní Tchamba, Ṣítù, tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ti abúlé kan lójú ọ̀nà Bago wá bá Bàbá Àlíù gbé, ó ń gbá èérún igi, ó ń pọ́n irin. Ìgbà tí Hàkímù fi máa jáwọ́ nínú ìwé, tí ó ní òun náà fẹ́ ṣiṣẹ́ baba òun, ọwọ́ Ṣítù ti lọ jìnnà.

Ọwọ́ Hàkímù kò burú. Bẹ́ẹ̀dì tó ṣe pọ̀ nílé àwọn ọkọ ìyàwó ní Kambolé. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí Bàbá Àlíù wà lórí àìsàn tó pa á, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ó na ọwọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ gbé àwo Ṣítù wá kí n fọwọ́ bà á." Ọmọ rẹ̀ ló gbé e lọ fún un. Hàkímù dúró níbẹ̀, ó ń wo ìka baba rẹ̀ tó ń rìn yí ẹnu àwo náà ká, láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan sì ti jókòó sí i láyà tí kò dìde.

Nínú ilé tirẹ̀ pàápàá kò rí ibi sá sí. Àpótí róbótó kan wà tí Ṣítù yí fún Tàíbátù ìyàwó Hàkímù lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn wọn. Inú rẹ̀ ni Tàíbátù ń kó yẹtí sí. Bí ó bá gbé ìdérí rẹ̀ lé e, ìdérí náà kì í já sílẹ̀ gbì. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa wọlé, tí afẹ́fẹ́ yóò máa jáde lábẹ́ rẹ̀, fíìì, bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Àràárọ̀ ni Hàkímù ń gbọ́ ọ lórí ẹní.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n kírun Súbúù tán, wọ́n wọkọ̀. Ṣítù fi táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ wé àwọn irin rẹ̀, ó gbé e sáyà. Hàkímù ló gbé àpò igi sórí itan. Wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ ní Tchamba, nígbà tí wọ́n sì dé Sokodé, zémì méjì, alùpùpù akérò, ló gbé wọn dé gbọ̀ngàn tí ìpàdé yóò ti wáyé.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fún oníkálukú ní káàdì tí wọ́n ń fi kọ́rùn. Wọ́n kọ "ọ̀gá" sí ti Ṣítù lédè Faransé. Wọ́n kọ "ògbufọ̀" sí ti Hàkímù.

"Èmi náà ń yí igi," Hàkímù sọ fún ọkùnrin tó ń pín káàdì.

"Ó dáa, ó dáa," ọkùnrin náà fèsì, ó sì kọjú sí ẹni tó kàn.

Hàkímù yí káàdì náà padà láyà rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun báláú lè máa wò níta.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń to àga ló kí wọn ní Yorùbá. "Ẹ kú ìrìn o. Kambolé lẹ ti wá, àbí? Mo ti gbọ́ ọ lóhùn yín." Ṣàkírátù lorúkọ rẹ̀. Kambolé ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ní Sokodé, ó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà, ó ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Inú Ṣítù dùn bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ló bá pàdé. Ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó bi í léèrè ilé tó ń gbé, ó ṣàdúrà fún un.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn kan ti Kpalimé wá, àwọn kan ti Lomé, Kara àti Dapaong. Orí tábìlì gígùn ni wọ́n to iṣẹ́ wọn sí: àwo, ẹsẹ̀ àga, ife, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Hàkímù ń fi ojú wọ̀n wọ́n. Ó rí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan tí kò dára tó tòun, ó dúró tì í pẹ́, ó ń wo orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan láti Kara ti ṣe tirẹ̀, wọ́n pe Ṣítù síwájú. Hàkímù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú míkírò agbóhùnsókè lọ́wọ́. Ṣítù de ègé igi apá kan mọ́ ẹ̀rọ, ó fọwọ́ yí i wò, ó gbé etí sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àṣírí, ó wá tanná sí i. Nígbà tí irin rẹ̀ kan igi, kò pariwo. Èérún ń jáde gbọọrọ bí okùn, ó ń ká lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Hàkímù mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́.

"Sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń yí igi kan," Ṣítù wí láìgbé ojú sókè. "Lákọ̀ọ́kọ́, n óò yí i kó nípọn. N óò wá rì í sínú àgbàdo gbígbẹ nínú àká, oṣù mẹ́ta. Àgbàdo yóò máa fa omi ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, igi náà kò ní í là, kò ní í wọ́. Ìgbà tó bá jáde níbẹ̀ ni mo tó yí i gan-an, ni mo tó gé ìdérí rẹ̀."

Hàkímù túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Àmọ́ níbi tí Ṣítù ti ní "mo", "a" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. A máa ń yí i lẹ́ẹ̀mejì. A máa ń rì í sínú àgbàdo. Ó lè búra pé àkọ́kọ́ kàn yọ́ bọ́ ni. Èkejì kò yọ́ bọ́.

Àgbàlagbà kan láti Kpalimé nawọ́. Ó fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ àgbàdo yìí.

"Òjò ló kọ́ mi!" Ṣítù rẹ́rìn-ín. "Sọ fún wọn pé lọ́dún kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ń jò, ni mo bá sá kó igi tí mo ti yí dé ìdajì lọ sínú àgbàdo Ìyábọ̀ ìyàwó mi, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìyábọ̀ ló hú u jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tó ń bú mi. Kò sí èyí tó là nínú gbogbo wọn."

Hàkímù gbé míkírò sẹ́nu. Ó rí gbogbo ojú tó kọ sí i. "Ó ní baba mi ló kọ́ wa," ló sọ ní Faransé. "Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa látijọ́ nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, àwọn èèyàn wo òun náà bí ẹni wo oníṣẹ́, àgbàlagbà Kpalimé sì tẹ orí ba fún un. Ara Hàkímù móoru bí ẹni tó jókòó ti iná lákòókò ọyẹ́.

Ṣítù tẹ̀ sí i létí. "Kí ló dé tí wọn kò rẹ́rìn-ín? Mo rò pé ọ̀rọ̀ Ìyábọ̀ yẹn á pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú," Hàkímù dá a lóhùn.

Ní ọ̀sán, bí wọ́n ti ń jẹun lábẹ́ igi máńgòrò, ààrẹ ẹgbẹ́ náà wá bá wọn. Obìnrin gíga kan ni, ó gé irun mọ́lẹ̀, àpá irin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi tiwọn. Ó bọ Ṣítù lọ́wọ́, ó wá kọjú sí Hàkímù. "Jọ̀wọ́, sọ fún un pé a ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sí Àtàkpàmé. A fẹ́ kí ó wá lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, láti oṣù tó ń bọ̀, kí ó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ibùgbé wà, oúnjẹ wà, a ó sì mú inú rẹ̀ dùn. Bi í bóyá yóò gbà."

Ó ṣẹlẹ̀ kíákíá, bí irin ṣe máa ń fò lọ́wọ́ ẹni. Hàkímù rí Ṣítù ní Àtàkpàmé, ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí i ká tí wọ́n ń pè é ní ọ̀gá. Ó rí ara rẹ̀ ní Kambolé, níbi tí Tàíbátù ti ń dé àpótí yẹtí. Ó yíjú sí Ṣítù.

"Ó ń béèrè bóyá ẹ máa ń ráyè fi oko yín sílẹ̀ lọ ibi tó jìnnà, kí ẹ pẹ́ níbẹ̀."

"Èmi? Rárá o!" Ṣítù mi orí, ó rẹ́rìn-ín sí obìnrin náà. "Ta ni n óò fi iṣu sílẹ̀ fún? Ọjọ́ méjì yìí gan-an, ọkàn mi kò kúrò lóko."

Obìnrin náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí orí mímì túmọ̀ sí. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," Hàkímù wí, "ṣùgbọ́n oko òun kò ní jẹ́ kí òun lè wá." Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. "Èmi lè wá. Ọmọ ọ̀gá tó kọ́ ọ ni mí. Ohun kan náà la jọ mọ̀."

Ààrẹ wò ó, ó wo káàdì rẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn síta, ó ní òun yóò bá àwọn yòókù sọ ọ́.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán ni Hàkímù tó rí Ṣàkírátù. Ó dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àwo tó fẹ́ kó, kò sì kó wọn.

Ìdí omi àlùwàlá ni Ṣàkírátù ti bá Hàkímù. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí jẹ́jẹ́, "Faransé tí madáàmù sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, òun kọ́ ni Yorùbá tí ẹ sọ."

"Ṣé wọ́n rán ọ sí wa ni? Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ."

"Mo ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ní mo gbọ́ ni." Ó fi ìkòkò omi lé e lọ́wọ́, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ka orúkọ Hàkímù níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n fún un ní àpòòwé kan tí ìwé ìpè wà nínú rẹ̀. Ṣítù kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó dìde dúró, ó pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ilé lọ. Inú ọkọ̀ ló ti béèrè.

"Wọ́n ní kí n wá kọ́ èèyàn níṣẹ́ ní Àtàkpàmé," Hàkímù wí. "Oṣù mẹ́ta."

"Lá ìláà!" Ṣítù gbá a mọ́ra nínú ọkọ̀ tó há náà, igbá obìnrin tó jókòó tì wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù. "Hàkímù! Ọmọ Bàbá!"

Nígbà tí wọ́n dé Tchamba, ọkọ̀ Kambolé kò tíì kún. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ ìbòòji, Ṣítù sì ra búrẹ́dì pẹ̀lú wàgàṣì, wàrà tí wọ́n dín. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. "Ìyábọ̀, wọ́n mú Hàkímù wa! Àní ó máa di ọ̀gá ní Àtàkpàmé! Sáré sọ fún Tàíbátù kí àwa tó délé. Háà, Bàbá ìbá wà láyé lónìí."

Hàkímù ń wo ojú rẹ̀. Ó wo ibi igun ojú, ó wo bó ṣe ń jẹnu, ó ń wá ìkorò kan níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni òun ti fi ń gbé ohun kíkorò yìí mì lójoojúmọ́, kò fẹ́ ju kí Ṣítù tọ́ ṣíbí kan ṣoṣo wò nínú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lójú Ṣítù. Ìdùnnú nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òróró wàgàṣì.

"Ṣé kò dùn yín ni?" ó béèrè.

"Ó dùn mọ́ mi jọjọ!"

"N kò ní ó dùn mọ́ yín. Mo ní ṣé kò dùn yín. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kó wá ṣiṣẹ́ lójú wọn, ẹ̀yin ni gbogbo wọn ń wò lẹ́nu, èmi ni wọ́n wá mú. Ṣé kò dùn yín?"

Ṣítù ronú sí i díẹ̀, torí ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. "Bí wọ́n bá pè mí, n bá lọ," ló wí. "Oṣù mẹ́ta, n bá wá ẹni tí yóò máa bá mi wo oko. Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbọ́ èdè wọn, ọmọ Bàbá sì ni ọ́. Kí ló máa dùn mí níbẹ̀? Bí wọ́n bá ti mú ọ, wọ́n ti mú wa nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn ló fọ́ ọ. Kì í ṣe pé ojú tì í, ìtìjú kò tíì dé. Inú ló bí i pé ọkùnrin yìí tún ga ju òun lọ, níhìn-ín, lórí bẹ́ńṣì, pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu.

"Ìwọ ni wọ́n pè!" ló kígbe. Láti kékeré, kò pe Ṣítù ní "ìwọ" rí. "Ìwọ ni obìnrin yẹn wá bá! Ìwọ ló ní kó wá sí Àtàkpàmé! O kò tilẹ̀ mọ̀! O jókòó síbẹ̀, ò ń mi orí, ò ń rẹ́rìn-ín!"

Awakọ̀ kan yíjú wò wọ́n. Ṣítù gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé tí wọ́n fi wé e.

"Tún un sọ," ló wí. "Kí lobìnrin yẹn sọ gan-an? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Hàkímù sọ ọ́, gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́ta, ibùgbé, oúnjẹ.

"Kí lo wá ní ó sọ? Kí lo ní èmi fi dá a lóhùn?"

Ó sọ ìyẹn náà.

"Ọ̀rọ̀ òjò àti Ìyábọ̀ ńkọ́?"

"Mo ní Bàbá ló kọ́ wa," Hàkímù wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ má bínú." Ó ti padà sórí "ẹ" láìmọ̀.

Ṣítù nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ká búrẹ́dì sínú ìwé rẹ̀, ó dìde.

"Gbé àpò," ló wí. "A ń padà lọ sí Sokodé."

Ìgbà tí wọ́n fi dé gbọ̀ngàn, àwọn àlejò ti túká. Ààrẹ ń kó àwo sínú páálí, ó ń fi ìwé ìròyìn sí àárín wọn kí wọ́n má bàa ha ara wọn. Ṣàkírátù ń to àga jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí ó rí wọn, ó dúró.

"Dúró síbí," Ṣítù wí fún Hàkímù. "Gbogbo ohun tí mo bá sọ, sọ ọ́ fún un."

Ó kọ́kọ́ kí obìnrin náà. Hàkímù túmọ̀ rẹ̀.

"Sọ fún un pé lánàá, n kò gbọ́ ìbéèrè rẹ̀. Ìbéèrè mìíràn ni wọ́n bi mí."

Ó sọ ọ́. Obìnrin náà gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Sọ fún un pé baba rẹ ló kọ́ mi bí a ṣe ń di irin mú, mo sì ń ṣàdúrà fún un lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbàdo, tèmi ni. Òjò àti ìyàwó mi ló fún mi."

Ó sọ ìyẹn náà. Ó le ju bí ó ṣe rò lọ, nítorí ẹnu baba rẹ̀ ló dà bíi pé ó ti ń gba ọ̀rọ̀ padà.

"Sọ fún un pé ìwọ lo parọ́."

Hàkímù yíjú sí ààrẹ. Ní Faransé, ó ní àṣìṣe kékeré kan ṣẹlẹ̀ nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí ariwo tó wà níbi oúnjẹ.

Ṣítù kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí òun sọ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Kò wo Hàkímù. "Ṣàkírátù," ló wí, "ṣé ohun tí mo sọ ló sọ?"

Ọmọbìnrin náà tẹ ojú mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àga. "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ó ní àṣìṣe ṣẹlẹ̀."

"Tún un sọ, Hàkímù."

"Mo parọ́," Hàkímù wí ní Faransé. Ó sì fi kún un láìjẹ́ pé wọ́n rán an: "Èmi ni. Ìlara ni."

Ṣítù tún wo Ṣàkírátù. Ṣàkírátù kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ààrẹ kò bú Hàkímù. Ìbá dùn mọ́ Hàkímù kó bú u. Ó kàn na ọwọ́, Hàkímù sì yọ àpòòwé láti àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. "Wá bi í nísinsìnyí," obìnrin náà wí, bí ẹni tó ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. "Bí mo ṣe wí i gan-an."

Hàkímù bi Ṣítù bóyá yóò wá sí Àtàkpàmé fún oṣù mẹ́ta. Ṣítù rìn lọ síbi fèrèsé, ó rìn padà.

"Sọ fún un pé mo ń bọ̀. Sọ fún un pé ní ti oko mi tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kí n wá, ó ti rí olùtọ́jú."

"Ta ni?" Hàkímù béèrè.

"Ìwọ ni. Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ mìíràn, èyí náà sì di dandan kí Hàkímù túmọ̀. "Ó ní kí ẹ má dààmú nípa ògbufọ̀ ní Àtàkpàmé. Àwọn Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò níbí ló pọ̀ nínú akẹ́kọ̀ọ́ wọn, èdè wọn sún mọ́ tiwa, ẹ ó gbọ́ ara yín." Ó gbé àpò igi lé èjìká. "Ó ní wọn kò nílò mi."

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n délé, Hàkímù sọ gbogbo rẹ̀ fún Tàíbátù kí ó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Tàíbátù pa àtùpà. Nígbà tó gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ló tó wí pé, "Ẹ tètè máa lọ sóko o. Oòrùn ń bọ̀."

Ṣítù lọ sí Àtàkpàmé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta náà, Hàkímù ń ro oko tirẹ̀ láàárọ̀, ó sì ń lọ sí oko Ṣítù lẹ́yìn àdúrà Súúrì lọ́sàn-án. Ìyábọ̀ máa ń gbé oúnjẹ wá síbẹ̀, torí ọkọ rẹ̀ ní kó máa gbé e wá, ṣùgbọ́n ìdí igi ẹmi ní òpin oko lọ́hùn-ún ló ń gbé e sí, yóò sì ti lọ kí Hàkímù tó rìn débẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ ni Ṣítù máa ń pè. Kì í pẹ́ lórí fóònù. Yóò kí i, yóò béèrè ìlera ilé, Hàkímù yóò sì máa gbọ́ ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, "Ọ̀gá! Ọ̀gá, ẹ wá wo èyí!" Nǹkan yẹn ṣì wà láyà rẹ̀. Ó ti rò pé bí òun bá sọ òtítọ́ tán, yóò dìde, yóò lọ. Kò lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí, ó sì ti pè é ní orúkọ náà lójú èèyàn mẹ́ta.

"Iṣu ńkọ́?" Ṣítù béèrè lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó dé.

"Wọ́n ń ta dáadáa nínú ebè," Hàkímù wí.

"O ṣeun," Ṣítù wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n jókòó ní Tchamba.

Hàkímù kúnlẹ̀ síbi ebè kan, ó fọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò díẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni òun sọ. Iṣu náà wà níbẹ̀, ó dán, ó nípọn bí itan. Tirẹ̀ tí wọ́n jọ gbìn lọ́sẹ̀ kan náà kò tó ìdajì rẹ̀. Ó wò ó pẹ́ pẹ̀lú ojú tó pọ́n. Lẹ́yìn náà ó kó iyẹ̀pẹ̀ padà bò ó, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí òjò má bàa gbá a lọ, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó bọ́ sí ebè tó tẹ̀ lé e. Ó ṣì ku ebè méjìlélógún tí yóò ro kí ó tó lè lọ sílé.